Àwọn Ọmọ Baba Kan

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa, Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ni ó jọ ń jẹun nínú àwo kan. Nítorí náà ni inú wa kì í fi í dùn nígbà tí a bá rí ọmọ Onígbàgbọ́ tí ń fi ìrun ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Ọmọ yìí kan náà a máa fi ọ̀wọ̀ ka ìtàn àwọn Júù ní ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Kò mọ̀ pé púpọ̀ nínú ohun tí òun ń bọ̀wọ̀ fún nínú ìwé ni òun ń rẹ́rìn-ín sí nínú àgbàlá.

Ẹ jẹ́ kí a wo orísun ẹ̀sìn méjèèjì. Júù ń pe Abrahamu ní baba nípasẹ̀ Isaaki. Mùsùlùmí ń bọlá fún un gẹ́gẹ́ bí Ànábì, àwọn Lárúbáwá sì ka Iṣmaeli sí baba ńlá wọn. Gẹnẹsisi 25 wí pé nígbà tí Abrahamu kú, Isaaki àti Iṣmaeli jọ sin ín sínú ihò Makpela. Títí di òní ni àwọn méjèèjì ń gbàdúrà níbẹ̀, ní Hebroni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà wọn ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú náà.

Ẹ wo ìṣe wọn pẹ̀lú. Ọlọ́run kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́wọ́, wọn kì í sì í yá ère fún un. Wọ́n ń kọ ọmọkùnrin nílà: Júù ní ọjọ́ kẹjọ, Mùsùlùmí kò so ó mọ́ ọjọ́ kan. Wọn kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀. Júù ní àkókò àdúrà mẹ́ta lójúmọ́, Mùsùlùmí ní márùn-ún. Jerusalemu ni àwọn Mùsùlùmí ìṣáájú kọjú sí láti kírun, kí wọ́n tó yí sí Mẹ́kà ní nǹkan bí ọdún 624. Ìtọrẹ-àánú tí èdè Heberu ń pè ní tsedaka, sadaka ni ti Lárúbáwá, òun ni ó di sàráà lẹ́nu wa. Àwa Onígbàgbọ́ pàápàá jẹ nínú ogún yìí: nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá ti kọ́kọ́ gbọ́ àlùfáà, wòlíì àti àdúrà.

A kò wí pé ọ̀kan náà ni ẹ̀sìn méjèèjì. Júù kò gba Mùhámọ́dù ní wòlíì. Wáìnì tí Júù fi ń ya Ọjọ́ Ìsinmi sí mímọ́, èèwọ̀ ni fún Mùsùlùmí. Mose ọmọ Maimoni, olùkọ́ ńlá àwọn Júù tí ó kú ní Ijipti ní 1204, mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí jù wá lọ. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, àwọn Mùsùlùmí kan gba ìlú rẹ̀, Kọ́dóbà, ní 1148, wọ́n sì ni àwọn Júù lára títí ìdílé rẹ̀ fi sá lọ. Síbẹ̀, nígbà tí a bi í léèrè, ó dáhùn pé Mùsùlùmí kì í ṣe abọ̀rìṣà, Ọlọ́run kan ni wọ́n ń sìn ní òtítọ́.

Bí ẹni tí a ṣẹ̀ bá lè jẹ́rìí òtítọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni àwa tí a kò ṣẹ̀ yóò wí? Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ ọmọ yín kí ó di ìgbàgbọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ gbé omi àlùwàlá fún ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀. Okùn ọmọ ìyá yi.