Orin Wa Ti Gbàgbé Ilé Kéú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn: nínú gbogbo àwo orin tí ẹ ti gbọ́, orúkọ olówó mélòó lẹ há sórí? Ewì àwọn aáfà mélòó lẹ sì mọ̀?

Ní ilẹ̀ Íjíbítì, akéwì ńlá kan wà tó ń jẹ́ Ahmad Shawqi. Ó kọ ewì ìyìn Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní èdè Lárúbáwá, ó pè é ní Nahj al-Burda, nítorí ipasẹ̀ Burda tí al-Busiri kọ ní ohun tó ju 700 ọdún sẹ́yìn ló tọ̀. Shawqi kú ní 1932. Ní 1946, Riyad al-Sunbati fi ohùn orin sí ewì náà, Umm Kulthum sì kọ ọ́. Ọmọ lémọ́ọ̀mù abúlé ni obìnrin yìí. Kíké Àlùkùránì ló ti kọ́ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀ yékéyéké. Wọn kò kọ gbogbo ewì náà tán, wọ́n ṣà nínú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí wọ́n ṣà, ohùn èlò orin kò bò ó mọ́lẹ̀. Báyìí ni ẹni tí kò kàwé ṣe gbọ́ iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé.

Àwa ńkọ́? Inú wéré, orin tí a fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì nínú Ràmàdáánì, ni Sikiru Ayinde Barrister, tó kú ní 2010, ti mú fújì jáde. Láàrin àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni wákà ti gbilẹ̀. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Díẹ̀ nínú àwọn olórin wa ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n oríkì ẹni tí yóò ná owó fún wọn ni púpọ̀ ń kọ.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀sìn kórìíra akéwì. Rárá o! Súrà tó bá àwọn akéwì wí náà ló yọ àwọn onígbàgbọ́ tó ń ṣiṣẹ́ rere sílẹ̀. Ànábì fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n gbé mínbárì kalẹ̀ fún Hassan bin Thabit nínú mọ́sáláásí. Ní ti ìlù, àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ ti pẹ́. Ẹni tí kò gba ìlù láàyè, kí ó fi ohùn nìkan kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń lù ú lọ́sàn-án lóru, àwáwí wo ló ní tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ fi ṣófo?

Ẹ̀yin olórin, kí ẹ tó gba ohùn sílẹ̀, ẹ lọ jókòó ti aáfà. Ẹ kọ́ ewì náà àti ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ ìtumọ̀ náà fún wa ní Yorùbá, ẹ dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ má sì ki orúkọ olóyè kankan bọ̀ ọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ yé lẹ owó mọ́ àwọn tó ń fi ẹ̀tàn yìn yín níwájú àwọn ọmọ yín. Àwọn àgbà tó há ewì wọ̀nyí sórí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a kò bá gbà lẹ́nu wọn lónìí, a óò sin ín mọ́ wọn ni.

Kí Ọlọ́hun là wá lóye. Àmín.