Ṣọ́jà Tí Ó Mọ Ẹ̀rọ Í Tún Ṣe, Ẹ Má Ṣe Fi Í Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Ní ọjọ́ ìsanwó oṣù kan tí kò tíì pẹ́, ẹ̀rọ amúnáwá ọ́fíìsì wa dákẹ́ lójijì. A ránṣẹ́ sí àwọn tí ń bá wa tọ́jú rẹ̀; wọ́n ní òṣìṣẹ́ àwọn ń bọ̀, ọ̀nà ni kò jẹ́ kí ó tètè dé. Àwa akọ̀wé jókòó, a ń fi ìwé fẹ́ ara wa. Nígbà náà ni bàbá tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọlé, ó sì béèrè ìgbà tí a pààrọ̀ asẹ́ epo rẹ̀ kẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó mọ̀. Ó ní epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, afẹ́fẹ́ sì ti wọ ọ̀nà epo dísẹ̀lì. A bu epo sí i. Ó tú bóòtù kékeré kan díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ póńpù títí epo tí ń jáde kò fi ní ìfófòó mọ́, ó dè é padà, ẹ̀rọ sì dáhùn. Bàbá nu ọwọ́, ó padà sí ìdí géètì.

Nígbà tí a bi í léèrè, a gbọ́ pé ọdún 22 ni ó lò nínú iṣẹ́ ológun, ìdí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ni ó sì wà ní gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò lè dákẹ́ lórí ọ̀ràn yìí. Iṣẹ́ kan wà lónìí, èyíinì ni ti ẹni tí ilé-iṣẹ́ ń rán jáde lọ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, tàbí tún un ṣe, níbi tí ẹ̀rọ gan-an wà: ìdí òpó tẹlifóònù lẹ́yìn ìlú, ilé ìwòsàn, báńkì, yàrá dídì àwọn ẹlẹ́ja. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òjò ń rọ̀, yóò lọ. Ohun èlò kò pé, yóò ronú. Ta ni a ti fi irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ kọ́ ju ṣọ́jà tí ó ti tú ẹ́ńjìnnì nínú igbó lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ìgbà ogun Bọ́mà, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà ní Ẹ̀ka 81 la ọ̀nà ọkọ̀ jíìpù tí ó tó máìlì 75 gba orí òkè lọ sí àfonífojì Kaladan, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944. Ní ọdún náà gan-an ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Òṣòdì, kí àwọn tí ó ti ogun dé lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ibùdó náà wà títí di òní, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ń lọ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwa kò gan ọ̀sìn adìẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ogún ọdún mọ ohùn ẹ́ńjìnnì, kí ni ó tún ń wá lọ sí ìdí adìẹ?

Ìwé ni ìdènà. Ìwé ológun wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ka àti ipò inú rẹ̀ kò yé ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Kí ó tó bọ́ aṣọ ogun sílẹ̀, kí ó lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí a ń pè ní Trade Test. Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé COREN ń forúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ti ẹ̀ńjíníà lọ́tọ̀. Kí ó má sì pe ara rẹ̀ ní ẹ̀ńjíníà kí wọ́n tó kọ ọ́ síbẹ̀, nítorí òfin kò gbà á. Nínú ìwé tí yóò fi wá iṣẹ́, kí ó kọ irú ẹ́ńjìnnì tí ó ti tú àti ohun tí ó bá nínú rẹ̀. Orúkọ bárékè kò fi nǹkan kan hàn.

A kò ní fi àléébù wọn pamọ́. Oní-ẹ̀rọ kì í ṣe rìkúrúùtì. Ìyá tí ẹja kún yàrá dídì rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ pé òun ni ó ba ẹ̀rọ jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Wákàtí tí yóò gbà àti iye tí yóò ná an ni ó ń béèrè. A mọ ẹnìkan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú iṣẹ́, tí wọ́n dá dúró ní oṣù kẹta nítorí pé ó jágbe mọ́ oníbàárà. Owó ìbẹ̀rẹ̀ lè kéré, ọmọ tí ó lè bí sì lè jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Kí ó fara dà á.

Ẹ̀yin oníṣòwò, tiyín kù. Bí ṣọ́jà bá kan ìlẹ̀kùn yín, ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ òru ni ẹ kọ́kọ́ ń béèrè. Ẹ bi í ní iṣẹ́ tí ó ṣe níbẹ̀ ná. Bí ìwé rẹ̀ kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ síwájú rẹ̀, kí ẹ dúró wò ó.

Bàbá ẹnu ọ̀nà wa ti gba fọ́ọ̀mù Trade Test, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Àwa ni a bá a kọ ọ́, nítorí iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ọ̀gá wa ní òun yóò rò ó. Títí di ọjọ́ tí a kọ èyí, ìdí géètì ni bàbá ṣì wà, ẹni tí ń tún ẹ̀rọ wa ṣe sì ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀.