Fóònù Títẹ̀ Kì Í Ṣe Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní Sùúrùlérè. Bí ẹnì kan bá dìde pé kí ilé-ìwé kọ́ gbogbo ọmọ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn á rẹ́rìn-ín, á ní: "Àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí? Kí lẹ tún fẹ́ kọ́ wọn? Ọmọ ọdún mẹ́ta ti ń ṣí fóònù ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe, kó gba Yábàá lọ." Gbogbo ilé á ho yèè, ọ̀rọ̀ á sì kan yúnífọ́ọ̀mù. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn tó ń sọ ọ́ kò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Nítorí wọn ni mo ṣe kọ ìwé yìí.

Ẹ jẹ́ ká wọ dánfó ní Ojúẹlẹ́gbà. Ẹni tó ti ń wọ dánfó láti ogún ọdún mọ ibi tí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́, ó mọ iye tí wọ́n ń gbà, ó mọ ìgbà tó yẹ kó ké "ó wà o!" Bí ọkọ̀ bá wá kú lójú ọ̀nà ńkọ́? Á bọ́ sílẹ̀ ni, á máa bá kọ̀ńdọ́ fa ọ̀rọ̀ owó. Ṣùgbọ́n ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Múṣin, etí lásán ló fi ń mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Ọmọ tó ń fi àtàǹpàkò yí TikTok sókè-sódò, èrò ọkọ̀ ni. Kò tíì mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀.

A sì ti rí ohun tí ojú èrò ọkọ̀ ń rí. Ẹ rántí àwọn áàpù tó ń yáni lówó. Ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ há lọ́rùn á tẹ "mo gbà" lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, kò ní mọ̀ pé ọ̀kan nínú rẹ̀ ni àṣẹ láti kó gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà inú fóònù òun lọ. Ọjọ́ tí owó bá pé tí kò rí san, wọ́n á kọ̀wé sí pásítọ̀ rẹ̀, sí àna rẹ̀, sí àwọn oníbàárà rẹ̀, pé olè ni. Ọdún 2022 ni àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà gbé ìlànà jáde fún àwọn ayánilówó orí fóònù. Ọdún 2023 ni Google ní kí irú áàpù bẹ́ẹ̀ má fọwọ́ kan nọ́ńbà àti fọ́tò ẹnikẹ́ni mọ́. Kó tó dìgbà náà, ojú ti ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Télọ̀ wà nínú wọn, aláta wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ìdí rèé tí mo fi ní *gbogbo ọmọ*.

Wọ́n á ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ṣáà ti wà lórí táìmù-tébù. Mo ṣí ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò: "Kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ̀rọ tó ń gba dátà wọlé, tó ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, tó sì ń mú èsì jáde." Ọmọ náà kà á lórí bí adúrà. Ó ya máòsì, ó kùn ún dáadáa. Mo bi í pé báwo ni ẹ̀rọ náà ṣe ń to orúkọ ẹgbẹ̀rún ènìyàn láti A dé Z. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Bẹ́ẹ̀, láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò, ìbáà jẹ́ òfin lọmọ fẹ́ kà tàbí èdè Yorùbá.

Ní ti "kó gba Yábàá lọ", Co-Creation Hub, ibùdó àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wà ní òpópónà Herbert Macaulay ní Yábàá lóòótọ́, ibẹ̀ ni Mark Zuckerberg gbà wọlé lóṣù kẹjọ 2016. Mákòko kò jìnnà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa ìmọ̀ yìí rí, kí ni yóò mú un yà síbẹ̀? Ẹ̀kọ́ tí a bá fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, ọmọ olówó ló máa ń fẹ́ ẹ.

Àwọn kan ka ìmọ̀ yìí sí àjèjì tó le. Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ojú mẹ́jọ ló ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Ojú kan, ọ̀nà méjì; ojú méjì, ọ̀nà mẹ́rin; ojú mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́jọ. Bó bá fi máa di ojú mẹ́jọ, ó ti di 256, iye odù Ifá gan-an. Òdo àti ení mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀ di báìtì kan, ọ̀nà 256 náà ni. N kò sọ pé babaláwo ló ṣe kọ̀ǹpútà. Mo ní ìṣirò náà kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì lè fi ìdérí ìgò mínírà mẹ́jọ ṣe é lórí tábìlì.

Àwíjàre kan ṣoṣo tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé kò síná, kò sí kọ̀ǹpútà. Ní Gánà, lọ́dún 2018, olùkọ́ kan, Richard Appiah Akoto, fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú Microsoft Word sára pátákó nítorí pé ilé-ìwé rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà. Mo kí i tọkàntọkàn. Ohun tó dùn mí ni pé bọ́tìnnì ni ìdánwò fipá mú un yà. Ní New Zealand, Tim Bell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ẹ̀kọ́ tí kò nílò ẹ̀rọ rárá. Ẹ ní kí ọmọ mẹ́jọ tò bí wọ́n ṣe ga sí, kí wọ́n máa fi ẹni méjì péré wéra lẹ́ẹ̀kan. Bí gbogbo wọn bá ń bá ara wọn wéra lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà 28 ni. Bí wọ́n bá pín ara wọn ní méjì-méjì, tí wọ́n to méjì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wá ń da ìlà pọ̀ mọ́ ìlà, kò ní ju 17 lọ. Ilẹ̀ àti ṣọ́ọ̀kì ló ná wa. Ọmọ tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín kò ní gbàgbé ìdí tí ọ̀nà kan fi yá ju èkejì lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti sọ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà di dandan láti ọmọ ọdún márùn-ún lọ, láti oṣù kẹsàn-án 2014.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá dé ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ má bèèrè iye kọ̀ǹpútà tí ilé-ìwé ní. Ẹ bèèrè ohun tí ọmọ yín lè ṣàlàyé lónìí tí kò lè ṣàlàyé ní táàmù tó kọjá. Bí wọ́n bá tún gbé àwòrán máòsì jáde, ẹ má tíì jókòó.