Ta Ló Fún Un ní Kọ́kọ́rọ́?

Bí AI bá ba dátà ilé-iṣẹ́ kan jẹ́, AI ni gbogbo ènìyàn máa ń nàka sí. Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìròyìn kàn pé AI ilé-iṣẹ́ Replit ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà pa database oníbàárà kan rẹ́, lẹ́yìn tí oníbàárà náà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yí ohunkóhun padà. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, ó sì kéde pé àwọn yóò ya database ìdánwò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n fi ń ṣòwò. Ariwo AI tó ya ọ̀dàlẹ̀ gba ìgboro kan. Díẹ̀ ni àwọn tó béèrè ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń fi ọwọ́ ara wọn fún un báyìí. AI tó ń bá ènìyàn kọ ètò kò ní ọwọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ní. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó ṣírò owó tó wọlé tàbí kí ó to orúkọ àwọn oníbàárà ní láti gbé server irinṣẹ́ kalẹ̀ fún un, ìyẹn ètò kékeré tó ń jókòó sáàárín AI àti dátà. AI yóò dárúkọ irinṣẹ́ tó fẹ́ lò, server yóò ṣe iṣẹ́ náà, yóò sì dá èsì padà. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2024 tí ilé-iṣẹ́ Anthropic ti gbé ìlànà MCP jáde, ìlà bíi mẹ́wàá nínú fáìlì kan ti tó. Ẹni tó yára lè parí rẹ̀ kí omi ẹ̀bà tó hó.

Inú àwọn ìlà wọ̀nyí ni password database máa ń wà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń kọ síbẹ̀ kì í sì í ṣe ti àlejò. Ti onílé ni. Ohun tí onílé lè pa rẹ́, AI náà ti lè pa á rẹ́ nìyẹn.

Wọ́n á ní àwọn ti kọ ìkìlọ̀ fún un. Ìkìlọ̀ kì í ṣe àgádágodo. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí server bá gbé wá ni AI ń kà. Bí ẹnì kan bá fi àṣẹ pamọ́ sínú ìráhùn oníbàárà, AI lè tẹ̀ lé e bí ẹni pé ọ̀gá rẹ̀ ló sọ ọ́.

Àwọn mìíràn á ní server tí àwọn ń lò kò gbà ju kíkà lọ. Server àpẹẹrẹ tí Anthropic fúnra rẹ̀ ṣe fún Postgres ṣe ìlérí kan náà. Ní 2025, àwọn olùwádìí Datadog fi hàn pé ẹni tó bá fi COMMIT, ọ̀rọ̀ tó ń parí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ ti jáde kúrò nínú ọgbà náà, ó sì lè kọ ohun tó wù ú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀: ilẹ̀kùn server ni wọ́n tì, ti database ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Inú database gan-an ló yẹ kí àgádágodo wà. Kí wọ́n dá orúkọ ìwọlé tuntun sílẹ̀ fún AI, kí wọ́n fún un ní àṣẹ SELECT nìkan, lórí kìkì tábìlì tí iṣẹ́ náà nílò. Ẹ̀dà dátà tí wọ́n ti yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù kúrò nínú rẹ̀ tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èsì tí server bá dá padà kì í dúró sórí kọ̀ǹpútà ẹni. Ó ń lọ sórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tó ni AI náà, tó sábà máa ń wà lókè òkun. Ẹni tí BVN rẹ̀ wà nínú tábìlì yẹn, ta ló bi í léèrè? Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 72 péré láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí bí dátà bá jò lọ́nà tó lè pa ènìyàn lára. Kò sí ibi tí ó ti kọ ọ́ pé AI ni yóò lọ jẹ́jọ́.

Ìlà méjì ni orúkọ ìwọlé tuntun náà àti àṣẹ rẹ̀ ń gbà ní Postgres. Àwọn tó ráyè kọ ìlà mẹ́wàá fún server ni wọ́n ń sọ pé àwọn kò ráyè kọ ọ́.