Gbogbo yín mọ bí wọ́n ṣe ń jáde nínú Vim. Ta ló kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wọlé?

1/ Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan lónìí. Àwàdà "mo wọ Vim, mi ò lè jáde mọ́" yẹn ti sú mi. Kì í ṣe pé kò pani lẹ́rìn-ín o. Lọ́dún 2017, Stack Overflow fúnra wọn kéde pé ìbéèrè yẹn nìkan, èèyàn ti ṣí i wò ju ìgbà mílíọ̀nù kan lọ. Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn ẹ̀ ò gùn: ẹ tẹ Esc, ẹ kọ :wq tí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ yín pamọ́, tàbí :q! tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ tẹ Enter. Ó tán.

2/ Ẹnu ọ̀nà ni èmi ń bá yín sọ. Àwọn tó ń kọ́ni ní Vim á ní ká kọ vim, ká kọ orúkọ fáìlì, ó parí. Wọn kì í sọ pé àwọn àmì kéékèèké kan wà tí a lè fi sáàárín méjèèjì, tí wọ́n ń pè ní option, tó ń sọ fún Vim irú ọ̀nà tí a fẹ́ gbà wọlé. Ṣebí àwọn àgbà ló ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

3/ Àìmọ̀ yìí ti jẹ mí níyà rí. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú fídíò kan, mo ti kọ ọ́ jìnnà, mi ò tíì fi pamọ́. Iná lọ. Bátìrì láápútọ́ọ̀pù mi sì ti kú tipẹ́. Nígbà tí iná dé, mo ṣí fáìlì náà, Vim da ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ bò mí: ATTENTION, ó rí swap file. Mo rò pé pàǹtí ni. Mo tẹ D. D yẹn, "pa á rẹ́" ni o! Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa iṣẹ́ mi.

4/ Ohun tí mi ò mọ̀ nìyí. Bí ẹ ṣe ń kọ̀wé, Vim ń tọ́jú iṣẹ́ yín sínú fáìlì kan tó fara pamọ́, tí orúkọ ẹ̀ máa ń parí sí .swp. Tí ẹ bá ti tẹ lẹ́tà 200, tàbí tí ẹ dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 4, á kọ ọ́ síbẹ̀. Tí iná bá lọ:

vim -r ìwé.txt

Iṣẹ́ yín á padà, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó kẹ́yìn nìkan ló máa sọnù. Ẹ fi orúkọ mìíràn pa á mọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí ẹ tó pa .swp yẹn rẹ́. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ ò ṣí fáìlì náà síbòmíràn, torí ìyẹn náà máa ń fa ìkìlọ̀ yẹn.

5/ Ẹ má fi r kékeré pe R ńlá o. vim -R ń ṣí fáìlì fún kíkà nìkan. Tí ọwọ́ yín bá ṣèèṣì yí nǹkan padà, Vim ò ní gbà kí ẹ fi pamọ́, àfi tí ẹ bá fi :w! fipá mú un. Fáìlì iṣẹ́ ẹlòmíràn, ẹ fi R ńlá wọ̀ ọ́ jàre.

6/ Wọ́n ní àṣìṣe wà ní ìlà 120? vim +120 á gbé yín débẹ̀ tààrà. Èmi tí mò ń ṣe àkọlé fídíò ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, vim -O ni mo fi ń ṣí fáìlì méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

7/ Vim ń ṣe wérewère? Ẹ má tíì yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi vim --clean ṣí i, á wọlé láìgbé vimrc àti plugin tí ẹ kó jọ dání. Tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹrù yín ló ń dà á láàmú, kì í ṣe Vim.

8/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "VS Code lèmi ń lò." Ó dáa. Òun náà ní tiẹ̀: code --disable-extensions ń ṣe irú iṣẹ́ --clean yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì wọ server tó jẹ́ pé terminal dúdú nìkan ló wà níbẹ̀, vi tàbí Vim lẹ sábà máa bá.

9/ Torí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ tuntun, ẹ fi vim -r ṣe ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, kí àwàdà tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọ, ẹ tẹ vim --help lálẹ́ òní, ẹ mú option mẹ́ta péré. Ẹni tí ò mọ ọ̀nà àbájáde á kàn jókòó sínú Vim ni. Ẹni tí ò mọ ọ̀nà àbáwọlé lè pàdánù iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan. Ó ti ṣe mí. Kó má ṣe yín.