Ẹ Ṣí Gbọ̀ngàn Ilé-Ìwé Wa Sílẹ̀ Lásìkò Ọdún

Ọdún Àjíǹde ti ń kan ilẹ̀kùn. Ìjọba fún wa ní Fúráìdè àti Mọ́ńdè, Sátidé àti Sọ́ńdè sì wà láàárín, ó di ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn, àgádágodo ni yóò wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn wa, họ́ọ̀lù tí à ń lò fún ìdánwò. Èmi ò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n ṣí i fún ọjọ́ méjì péré. Ní Sátidé, ká fi wo fíìmù. Ní Mọ́ńdè, ká fi gbọ́ orin àwọn onílù àti olórin àdúgbò wa, orin tí wọ́n ń fi ọwọ́ lù tí wọ́n sì ń fi ẹnu kọ níṣojú ẹni, kì í ṣe èyí tí DJ ń gbé jáde láti inú kọ̀ǹpútà.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣé nítorí eré nìkan lo ṣe ń pariwo?" Rárá o. Ẹ wo ìlú tí à ń gbé. Láti abẹ́ afárá Sáńgò títí dé ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ilé-iṣẹ́ ló kún ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ inú wọn ò sì mọ̀ pé ọdún dé. Bàbá lè wà ní ṣíìfù àárọ̀, kí ìyá wà ní ṣíìfù alẹ́. Bí ọ̀gá bá sì ní ẹni tó bá wá síṣẹ́ lọ́jọ́ ọdún á gba owó lé owó, òbí wo ló máa kọ̀ ọ́ pẹ̀lú bí ọjà ṣe wọ́n yìí? Ta ló wá ṣẹ́ kù sílé? Àwa náà ni. Ọjọ́ ìsinmi wa kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọjọ́ ìsinmi àwọn òbí wa.

Nígbà tí ilé bá sú ọmọ, ibi méjì ló sábà máa ń ṣí sílẹ̀ fún un. Àkọ́kọ́ ni ilé ìwòran tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù hàn. Bí kò bá sí bọ́ọ̀lù, wọ́n á gbé fíìmù sí i. Mo mọ ọ̀kan tí kò jìnnà sílé wa. Kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ léèrè ọjọ́ orí níbẹ̀, kódà nígbà tí àmì 18 bá wà gàdàgbà lára fíìmù náà. Èéfín sìgá ń rú, tẹ́tẹ́ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìkejì ni òde alẹ́, níbi tí wọ́n ti ta kánópì dí títì. Orin ibẹ̀ lè dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 14 tó ń dá bọ̀ wálé ní aago kan òru, ta ló ń ṣọ́ ọ? Ẹni tó bá ní òun ń lọ sí ilé sinimá ńlá bí irú èyí tó wà ní Ìkẹjà, á san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, á ra tíkẹ́ẹ̀tì, á ra gúgúrú. Fún ilé tó ní ọmọ mẹ́ta, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Àwọn kan rò pé fíìmù ò ṣeé wò dáadáa àfi nínú ilé sinimá. Ìtàn ò sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn èèyàn ní Nàìjíríà, inú Glover Memorial Hall l'Ékòó ni wọ́n ti ṣe é. Gbọ̀ngàn ìpàdé ni. Ẹ jẹ́ ká sún mọ́lé díẹ̀ sí i. Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọ̀sà ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, kó ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Gbọ̀ngàn ìlú, gbọ̀ngàn ilé-ìwé, ibi tí àyè bá ti gbà wọ́n ni wọ́n ti ń ṣeré. Nígbà tó bọ́ sídìí fíìmù, ó ṣe Aiye ní 1979 àti Jaiyesimi ní 1980. Òun àtàwọn òṣèré ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé fíìmù wọn láti ìlú kan dé òmíràn, torí ilé sinimá ò kárí. Irú gbọ̀ngàn tí a tì pa yìí wà lára ohun tó gbé eré Yorùbá ró.

Bí wọ́n bá bi mí pé fíìmù wo ni ká kọ́kọ́ wò, màá ní Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ ìtàn rẹ̀. Ìlù ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ dá lé: ọba kan ní ìlú Jogbo kọ̀ láti mulẹ̀ bí àwọn tó jẹ ṣáájú rẹ̀ ṣe ṣe, ìlù kan sì wà tó ń dúró dè é. Ẹni tó bá wo fíìmù yẹn ní Sátidé, tó wá gbọ́ dùndún lójúkojú ní Mọ́ńdè, á mọ̀ pé ìlù kì í pariwo lásán, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Kèlání yìí kan náà ló ṣe Ayinla ní 2021, lórí Àyìnlá Ọmọ́wúrà, olórin àpàlà Abẹ́òkúta tí wọ́n pa níbi ìjà ilé ọtí ní 1980. Ìyẹn le díẹ̀ fún àwọn JSS. Kí àwọn tíṣà kọ́kọ́ wò ó, kí wọ́n sì sọ kíláàsì tó lè wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ní fíìmù wà lórí fóònù, mo gbọ́. Ṣé gbogbo wa la ní fóònù? Ṣé gbogbo wa la ní dátà? Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó ń dá fíìmù wò kò ní ẹni tí yóò bi ní, "Kí ni òwe yẹn túmọ̀ sí?" Nínú gbọ̀ngàn, tíṣà Yorùbá wà níbẹ̀.

Orin ńkọ́? Olórin ò wọ́n ní Ọ̀tà. Wọ́n ń ṣeré níbi ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà. Ṣùgbọ́n òde olówó ni, ọmọ tí wọn ò pè ò lè jókòó wo bí onígángan ṣe ń fún ọsán kí ohùn ìlù lè lọ sókè sódò. Bẹ́ẹ̀ ọmọdé ló yẹ kó rí i. Fújì tí gbogbo wa ń jó sí, inú wéré ló ti jáde, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù Ràmàdáánì. Síkírù Àyìndé Barrister ti ń kọ wéré láti kékeré kó tó sọ ọ́ di fújì. Bí àdúgbò bá ti ilẹ̀kùn mọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, fújì wo là bá máa gbọ́ lónìí? Ọ̀tà fúnra rẹ̀, ìlú Àwórì ni, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Àwọn baba ńlá wa ti ń pé jọ ní gbangba gbọ́ orin kí iná mànàmáná tó dé.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà máa sọ. Àkọ́kọ́, ariwo. Aago 11 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán ni mo ń sọ, kì í ṣe òru, dùndún ò sì nílò sípíkà ńlá nínú gbọ̀ngàn. Ìkejì, ẹ̀sìn. Fúráìdè àti Sọ́ńdè wà fún ṣọ́ọ̀ṣì, a ò fọwọ́ kàn wọ́n. Mọ́ńdè Àjíǹde, àwọn Kristẹni ti máa ń jáde lọ ṣe fàájì tẹ́lẹ̀, ìyẹn Gálílì. Bó bá sì di Iléyá, kí wọ́n tún ṣí gbọ̀ngàn náà bákan náà.

Ìkẹta ni owó. Bí ọmọ 200 bá san ₦300, ₦60,000 nìyẹn. Kí ìdajì jẹ́ ti àwọn olórin, torí onílù náà ń jẹun, kì í ṣe "ẹ ṣeun" la máa fi lé e lọ. Kí ìyókù ra epo jẹnẹrétọ̀, kó sì san owó ọkọ̀ tíṣà méjì tó máa bá wa jókòó. Ẹni tí kò ní ₦300, kó wá gbálẹ̀, kó to àga, kó sì wọlé.

Ìkẹrin, kí fíìmù náà má jẹ́ ti olè. Ẹ rántí Baba Sálà. Fíìmù rẹ̀, Orun Mooru ti 1982, bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń jí fíìmù dà kọ, ó sì kó bàbá náà sí gbèsè ńlá. Kí ilé-ìwé kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni fíìmù, kó tọrọ àyè. Ẹgbẹ́ oníròyìn wa lè bá wọn kọ ọ́.

Ìkarùn-ún ló le jù, èmi náà ò sì ní fojú fò ó: àwọn tíṣà náà fẹ́ sinmi. Òótọ́ ni. Wọ́n ní ọmọ, wọ́n ní ará ilé. Ìdí nìyí tí mo fi ní tíṣà méjì péré lójúmọ́, kí àwọn òbí tí kò sí ní ṣíìfù lọ́jọ́ náà sì kún wọn. Bí agbára ò bá ká ọjọ́ méjì, Mọ́ńdè ni kí ẹ mú. Fíìmù lè dúró de ìsinmi mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà onílù Ọ̀tà ò ní dúró dè wá títí láé.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ọ̀gá àgbà gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ kí táàmù tó parí. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ bá gbà pẹ̀lú mi, ẹ kọ orúkọ àti kíláàsì yín sínú ìwé tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákó yìí. Ẹni tí kò bá gbà, kó kọ tirẹ̀ wá, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.