Wọ́n pààrọ̀ pátákó ní Amman, ọ̀gá ò pààrọ̀

Ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni Carrefour kógbá sílé ní Jọ́dánì. Kíá, orúkọ HyperMax ló bọ́ sójú ṣọ́ọ̀bù ní Amman, olú ìlú wọn: ẹ̀ka 34 káàkiri orílẹ̀-èdè náà.

Látìgbà tí ogun Gaza ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023 ni ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ ti ń yẹra fún ọjà ilé iṣẹ́ tí wọ́n gbà pé ó ń gbè sẹ́yìn Ísírẹ́lì. Carrefour, tó jẹ́ ti Faransé, wà lára àwọn tí wọ́n ń dárúkọ.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Ta ló ni HyperMax? Majid Al Futtaim ti Dubai ni, ilé iṣẹ́ kan náà tó ń bójú tó Carrefour níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kàn bọ́ ẹ̀wù kan, wọ́n wọ òmíràn ni. Orúkọ Faransé ti kúrò, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ò pàdánù ṣọ́ọ̀bù.

Òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí ọjà ò yá mọ́, Alshaya ti Kuwait, tó ń bójú tó Starbucks nílẹ̀ Lárúbáwá, dá òṣìṣẹ́ tó lé ní 2,000 dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ń po kọfí ò sí níbi tí wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ ogun o.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má yan ibi tó máa náwó sí. Ká ṣáà máa wo ẹ̀yìn pátákó. Ọ̀gá lè pààrọ̀ orúkọ láàárọ̀ ọjọ́ kan; ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ò ní pátákó tó máa pààrọ̀.